Ẹ̀kọ́ Kejìdínlógún: Ìdílé Kan Lọ Wo Òkè àti Omi

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a kọ́ bí a ti í kọ lẹ́tà. Lónìí, a ó rí ohun tí ìwé kékeré lè ṣe fún ènìyàn márùn-ún tí wọ́n rin ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ka ẹ̀kọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá tètè kà á tán, kí ó dúró de ẹnì kejì rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó bá pàdé

Amọ̀nà: ẹni tí ó mọ ibì kan dáadáa, tí ó ń mú àlejò káàkiri ibẹ̀.
Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀: omi tí ó ń já bọ́ láti ibi gíga, bí èyí tí ń já láti etí òrùlé nígbà òjò.
Ìsun: ibi tí omi ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀.
Àgọ́: ilé aláṣọ tí a lè ká, tí a lè gbé kiri.
Ìpele: ibi tí nǹkan pín sí, ọ̀kan lókè èkejì, bí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Àdéhùn: ohun tí àwọn ènìyàn jọ fi ẹnu kò sí.

1. Ta ni ìrìn-àjò wà fún?

Púpọ̀ nínú wa gbà pé kí ènìyàn kúrò nílé torí pé ó fẹ́ lọ wo nǹkan, iṣẹ́ olówó ni, tàbí iṣẹ́ òyìnbó. Bí àwa bá jáde, ọjà ni à ń lọ, tàbí ìnáwó, tàbí ìsìnkú. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ọmọ ka orúkọ òkè Ìdànrè nínú ìwé ní ilé ẹ̀kọ́. Mọ́tò tí ó bá kúrò nílé rẹ̀ láàárọ̀ yóò dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ló dé tí ọmọ náà kò ní í fi ojú ara rẹ̀ rí i? Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé oko bàbá òun ló tóbi jù.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìdílé kan ní Ìbàdàn. Káfíńtà ni bàbá. Ìyá ń ta aṣọ ní ọjà. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: ọmọkùnrin ọdún 15, ọmọbìnrin ọdún 11, àti àbíkẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin ọdún 7. Ìyá yìí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà èwe rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí a ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ti kọ́ ìwé, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti ń kọ́ ọ. Ní ọdún kan, bàbá yá mọ́tò àbúrò rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ó lọ wo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìsun omi gbígbóná Ìkógòsì, àti òkè Ìdànrè. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n lè gbà dé gbogbo rẹ̀.

2. Ìgbà wo ni ó dára?

Oṣù kẹjọ ni wọ́n mú. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi gígùn ní àkókò náà. Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ òjò. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èyí ju èmi lọ. Òjò a máa pọ̀ gan-an ní ilẹ̀ wa ní oṣù kẹfà àti oṣù keje. Bí oṣù keje bá ń parí lọ, yóò dín kù. Yóò rọra nínú oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹsàn-án, yóò tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára.

Kí ló fà á? Afẹ́fẹ́ tútù tí ó ń ti orí òkun fẹ́ wá ni ó ń gbé òjò wá fún wa. Láàárín oṣù kẹjọ, ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù a máa sún lọ sí ìhà àríwá, sí ilẹ̀ Haúsá. Èyí ni ó mú kí tiwa dẹwọ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: òjò tí ó dẹwọ́ kì í ṣe ẹ̀rùn. Omi ṣì kún inú odò. Àpáta ṣì ń yọ̀. Òjò ńlá sì lè dé lójijì ní ọ̀sán. Nítorí náà, àárọ̀ kùtù ni kí á gun òkè, kí á má dúró di ìrọ̀lẹ́.

3. Ohun mẹ́ta tí ìyá kọ sílẹ̀

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n gbéra, ìyá mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó kọ ohun mẹ́ta sínú rẹ̀.

Ohun kìíní ni ẹrù. Ó kọ gbogbo rẹ̀ ní ìlà ní ìlà, ó sì ń fàlà sí èyí tí ó bá ti wọ inú mọ́tò. Báyìí ni ó kọ ọ́:

Aṣọ òjò márùn-ún. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dán. Àgọ́. Ẹní. Àwọ̀n ẹ̀fọn. Tọ́ọ̀ṣì méjì. Kẹ́ẹ̀gì omi mímu. Okùn gígùn kan. Gààrí, ẹ̀pà, kúlíkúlí. Iyọ̀ àti ṣúgà. Oògùn ibà, oògùn egbò, báńdéèjì. Fèrè mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àpò tí a ó kó ìdọ̀tí sí. Bébà tí a kọ nọ́ńbà fóònù sí.

Ẹlòmíràn yóò bi wá pé, "Kí ni a fẹ́ fi fèrè ṣe?" Bí ọmọ bá ṣìnà nínú igbó, bí ó bá ń kígbe, ohùn rẹ̀ yóò há láìpẹ́. Fèrè kì í há. Kí ọmọ dúró sójú kan, kí ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sinmi, kí ó tún fọn ọ́n. Àwọn tí ń wá a yóò gbọ́.

Ẹ ó sì bi mí pé, "Bébà nọ́ńbà ńkọ́? Ṣebí fóònù wà?" Fóònù a máa kú. Ó lè bọ́ sómi. Bébà tí a wé sínú ọ̀rá kì í kú. Ìyá kọ nọ́ńbà àwọn ẹbí sí i. Ó tún kọ 112, èyí tí a ń pè ní ilẹ̀ Nàìjíríà fún ewu gbogbo, àti 122, èyí tí a fi ń pe àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bí ìjàm̀bá mọ́tò bá ṣẹlẹ̀.

Iyọ̀ àti ṣúgà wà fún ẹni tí inú rẹ̀ bá ń ṣu lójú ọ̀nà. Ẹ gbé omi tí ó mọ́ lítà kan. Ẹ da ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà sí i, kí ó dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ṣíbí, kí ó má ga. Ẹ fi iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kékeré kan náà sí i. Ẹ pò ó pọ̀, kí ẹni náà máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó léwu fún ọmọdé.

Ohun kejì ni àdéhùn. Ìlà mẹ́ta péré ni:

Ìkíní: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá rìn.
Ìkejì: Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wọ omi láìjẹ́ pé àgbà kan dúró tì í.
Ìkẹta: Bí àgbà kan nínú wa bá ní kí á padà, gbogbo wa yóò padà. A kò ní í jiyàn níbẹ̀. Bí a bá délé, kí á jiyàn.

Àwọn márààrún fọwọ́ sí i. Àbíkẹ́yìn kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà-gadagba, ó gba ìlà méjì. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá wọn, ṣé kóòtù la fẹ́ lọ ni?" Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i.

Ohun kẹta ni lẹ́tà tí ó fi sílẹ̀ fún onílé wọn. Ẹ kà á:

Bàbá Onílé wa,
Ẹ kú ilé o. Àwa márùn-ún ni a ń jáde lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, a ó wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. A ó sùn sí Ìkógòsì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó gba Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, a ó sì sùn níbẹ̀. A ó gun òkè ní àárọ̀ Ọjọ́rú, a ó sì máa bọ̀ nílé. Àwọ̀ mọ́tò wa àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Bí ó bá di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ẹ kò rí wa, tí ẹ kò sì gbọ́ ohùn wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.
Èmi ni,
Ìyá àwọn ọmọ, yàrá kẹta.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo lẹ́tà yìí dáadáa. Ó sọ iye ènìyàn. Ó sọ ibi tí wọ́n ń lọ àti ọjọ́ tí wọn yóò dé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí yóò wá wọn kò ní í máa bi kiri pé, "Ọ̀nà ibo ni wọ́n gbà?"

4. Lójú ọ̀nà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ Ajé, bàbá ti yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ó ti yẹ èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn bùùtù wò pẹ̀lú. Ó tẹ bíréèkì wò. Olúkúlùkù de bẹ́líìtì mọ́ra, títí kan àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn. Wọ́n ti ṣe ìpinnu pé àwọn kò ní í fi òru rìn. Ẹni tí ó ń fi ọ̀sán rìn a máa rí kòtò, òun náà ni a sì máa rí.

Wọ́n gba Aṣéjírè kọjá. Níbẹ̀ ni bàbá ti fi adágún omi han àwọn ọmọ. Ó ní, "Ẹ wò ó, odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé níbí. Láti inú rẹ̀ ni omi ẹ̀rọ ti ń wá sí Ìbàdàn." Ọmọ kejì ní òun rò pé inú ẹ̀rọ ni omi ti ń wá. Ní Ìkirè, wọ́n ra dòdò Ìkirè tí ó dúdú minimini tí ó sì dùn. Wọ́n kọjá Gbọ̀ngán àti Ilé-Ifẹ̀, wọ́n dé Iléṣà. Ìyá ń ka gbogbo pátákó ojú ọ̀nà sókè bí wọ́n ti ń lọ. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwòrán lásán ni pátákó wọ̀nyí jẹ́ lójú rẹ̀.

5. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà: omi tí ó pọ́n

Olúmirin ni orúkọ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà. Ìtàn àwọn ará ìlú sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akinlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó tẹ ìlú náà dó tí ó sì rí omi náà. Ìpele méje ni omi yìí ní. Ìpele kìíní kò ṣòro dé. Omi ń já láti orí àpáta, ó ń fọ́n bí ìkùukùu, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tutù. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ sókè, ọ̀nà náà ga, ó sì ń yọ̀. Gbòǹgbò igi ni ènìyàn ń dì mú gùn ún.

Wọ́n sanwó ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì mú amọ̀nà kan. Àwọn ọmọ wẹ̀ díẹ̀ ní etí omi ìsàlẹ̀, ìyá dúró tì wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Nígbà tí wọ́n dé ìpele kẹta, amọ̀nà dúró. Ó tẹjú mọ́ omi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wo omi yìí."

Omi tí ó mọ́ gaara nígbà tí wọ́n dé ti ń pọ́n. Ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń bá a bọ̀. Òkúta kan tí orí rẹ̀ gbẹ lẹ́ẹ̀kan ti rì sínú omi.

Bàbá wo ojú ọ̀run. Oòrùn ń ràn. Ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, kò sí òjò. Láti Ìbàdàn la ti wá. A ti sanwó. Ìpele mẹ́rin péré ló kù."

Àkọ́bí náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Amọ̀nà ní, "Ẹ má bínú, sà. Òjò kò rọ̀ níbí, àmọ́ ó ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún. Omi òkè ló ń bọ̀ yìí."

Bàbá kò fẹ́ gbọ́. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ìyá kò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó yọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti inú ọ̀rá, ó sì ṣí i.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wọn, ẹ wo ìlà kẹta. Ọwọ́ yín ló wà lábẹ́ ẹ̀. Èmi ni mo ní ká padà."

Bàbá wo ìwé náà. Ó wo àbíkẹ́yìn rẹ̀ tí ó di gbòǹgbò igi mú. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ á sọ̀."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àgbà kan níwájú, amọ̀nà lẹ́yìn. Wọn kò tíì jẹ gààrí wọn tán ní ìsàlẹ̀ tí omi fi dé. Ó ń hó, ó pọ́n bí amọ̀. Ibi tí àwọn ọmọ ti wẹ̀ láàárọ̀ ti rì pátápátá. Bí wọ́n bá wà lókè, ọ̀nà tí wọn yóò gbà sọ̀ ìbá ti dí. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àkọ́bí náà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ ṣé o."

Ẹ kọ́ àmì mẹ́rin yìí sórí. Bí omi odò tàbí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá fẹ́ kún lójijì:
Àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà, yóò pọ́n.
Ewé àti igi yóò máa bá a bọ̀.
Ariwo rẹ̀ yóò pọ̀ sí i.
Òkúta tí ó gbẹ tẹ́lẹ̀ yóò rì.
Bí ẹ bá rí ọ̀kan péré nínú rẹ̀, ẹ jáde kúrò nínú omi, ẹ bọ́ sí ibi gíga tí kò sí lójú ọ̀nà omi. Ẹ má dúró kó ẹrù. Ẹ má sì sọ pé oòrùn ń ràn.

Bí omi bá gbé ẹnì kan, ẹ má ṣe bẹ́ sínú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Báyìí ni ẹnì kan ṣe ń di òkú méjì. Ẹ ju okùn sí i, tàbí kí ẹ na igi gígùn sí i. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé ẹnu rẹ̀ dáadáa a máa léfòó, ẹ lè so ó mọ́ okùn kí ẹ jù ú sí i. Kí ẹlòmíràn sì máa ké pe ìrànwọ́.

Àwọn kan yóò ní ojú ti bàbá yìí níwájú ọmọ rẹ̀. Rárá o. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ìpele mẹ́rin tí wọn kò rí ṣì wà níbẹ̀ di òní olónìí. Wọ́n lè padà lọ wò ó nígbàkígbà, nítorí pé wọ́n wà láàyè.

6. Ní Ìkógòsì: ibi tí wọ́n sùn

Wọ́n gba Ẹ̀fọ̀n-Alààyè kọjá láàárín àwọn òkè, wọ́n dé Aràmọ̀kọ, wọ́n sì yà sí Ìkógòsì ní ilẹ̀ Èkìtì. Níbẹ̀ ni omi méjì ti ń sun láti inú ilẹ̀. Ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́wọ́, èkejì tutù. Wọ́n ṣàn títí wọ́n fi pàdé. Bí ènìyàn bá dúró sí ibi ìpàdé wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lè wà nínú omi gbígbóná, kí èkejì wà nínú omi tútù. Àwọn ará ìlú a máa sọ ìtàn ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ méjì. Ọkọ di òkè, ìyàwó tí inú rẹ̀ gbóná di omi gbígbóná, èyí tí ó ní sùúrù di omi tútù.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní tiwọn ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Òjò rọ̀, omi rẹ̀ sì rin inú àwọn ibi tí àpáta ti sán lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn. Bí a ti ń lọ sísàlẹ̀ nínú ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Ooru yìí ni ó mú omi náà gbóná kí ó tó tún rú jáde. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ṣe ibùdó síbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ó di ibi ìgbafẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń lọ.

Wọ́n béèrè lọ́wọ́ alábòójútó kí wọ́n tó pa àgọ́ wọn. Èyí ni òfin kìíní nípa sísùn ní ìta: ẹ má ṣe sùn sínú igbó tí ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ìlú bóyá ọ̀nà dára àti bóyá àlàáfíà wà. Bí wọ́n bá ní kò dára, ẹ wọ ilé ìtura tàbí kí ẹ padà sílé.

Àwọn òfin yòókù rèé. Ẹ má ṣe pa àgọ́ sí etí odò tàbí sínú ọ̀gbun gbígbẹ, nítorí ọ̀nà omi ni. Ẹ má ṣe dáná nínú àgọ́, ẹ má sì gbé ìkòkò ẹ̀yinná wọlé nítorí òtútù. Èéfín tí a kò rí, tí kò rùn, lè pa gbogbo ènìyàn lójú oorun. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn. Ní àárọ̀, ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó kì í bọ ẹsẹ̀, nítorí àkekèé fẹ́ràn ibi òkùnkùn. Kí ẹ tó kúrò, ẹ pa iná náà pẹ̀lú omi, ẹ sì ṣa gbogbo ọ̀rá omi àti ike yín. Ilé ẹlòmíràn ni ẹ sùn sí.

7. Ní Ìdànrè: òkè tí ìlú wà lórí rẹ̀

Ìdànrè fi díẹ̀ lé ní 20 kìlómítà sí Àkúrẹ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè. Àtẹ̀gùn wà tí ènìyàn ń tẹ̀ gòkè, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sí i. Iye àtẹ̀gùn náà lé ní 600. Àwọn kan kà á sí 660, àwọn mìíràn kà á sí 682. Àbíkẹ́yìn ní òun ó kà á. Ó ka 100 kìíní, ìyá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ka 100 kejì, ìyá tún kọ ọ́. Ní ibi ìsinmi kejì, oorun gbé e, bàbá sì pọ̀n ọ́n. Báyìí ni kíkà náà ṣe parí.

Lórí òkè náà ni àwọn ará Ìdànrè gbé láti ayébáyé. Àwọn òkúta ńláńlá yí wọn ká bí odi, kò sì rọrùn fún ọ̀tá láti gun ibẹ̀. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1896. Ìyá ka ọdún náà sókè fún àwọn ọmọ. Ní 1923, àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ àti ọjà wà. Ní 2007, wọ́n kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àjọ UNESCO, láàárín àwọn ibi tí a lè kà sí ogún gbogbo ayé ní ọjọ́ iwájú.

Ẹ rò ó wò. Àwọn baba ńlá wọn gun òkè nítorí ogun. Nígbà tí ogun tán, àwọn ọmọ wọn kò sọ pé, "Ibí ni bàbá wa wà, a kò ní í kúrò." Wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí á gòkè, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí á sọ̀. Ọgbọ́n kan náà ni ìyá yẹn lò ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Ìkìlọ̀ kan wà fún orí àpáta. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Ní orí àpáta gbalasa, ènìyàn ni ó ga jù, ẹni tí ó ga ni mànàmáná sì ń wá. Ẹ má ṣe sá sábẹ́ igi tí ó dá dúró.

8. Wọ́n délé

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n wọ Ìbàdàn. Bàbá Onílé fi lẹ́tà náà lé ìyá lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Mo gbé e síbi orí mi láti ọjọ́ Ajé. Mo mọ̀ pé ọ̀la ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú." Bàbá ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ìwé yẹn kò ṣiṣẹ́, a sì dúpẹ́. Èkejì rẹ̀ ló ṣiṣẹ́."

Ìwé kì í ṣe ti ọ́fíìsì nìkan, kì í sì í ṣe láti fi ka orúkọ ara ẹni lásán. Ohun tí a bá fi ẹnu sọ nílé, a lè gbàgbé rẹ̀ nígbà tí inú wa bá dùn tàbí nígbà tí ojú bá ń kán wa. Èyí tí a kọ sílẹ̀ kò gbàgbé. Ẹ máa kọ̀wé kí ẹ tó gbéra.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí òjò fi ń dín kù ní ilẹ̀ wa ní oṣù kẹjọ?
2. Kí ni àmì mẹ́rin tí a fi ń mọ̀ pé omi fẹ́ kún lójijì?
3. Oòrùn ń ràn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, síbẹ̀ omi kún. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀?
4. Bí omi bá gbé ẹnì kan, kí ni kí á ṣe? Kí ni kí á má ṣe?
5. Ṣúgà ṣíbí mélòó àti iyọ̀ ṣíbí mélòó ni a ń fi sí omi lítà kan?
6. Ní ọdún wo ni àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè?
7. Lójú yín, ṣé ó yẹ kí aya dá ọkọ dúró níwájú amọ̀nà? Ẹ jọ sọ ọ́ láàárín ara yín.

Iṣẹ́ síṣe

Ẹ kọ lẹ́tà kan sí aládùúgbò yín nípa ìrìn-àjò tí ẹ fẹ́ rìn, ìbáà ṣe sí ọjà tàbí sí ìlú ìyá yín. Ẹ sọ iye ènìyàn, ibi tí ẹ ń lọ, ọ̀nà tí ẹ ó gbà, ọjọ́ tí ẹ ó padà, àti ẹni tí kí ó pè bí ẹ kò bá padà. Ẹ mú un wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí olúkúlùkù ka tirẹ̀ sókè.